Pẹpẹ Ọláníran ní Oríta Ọ̀rẹ̀

Ẹrù kì í ṣòro rù tó bí ó ti ń ṣòro sọ̀. Ẹni tí kò bá tíì ru garawa epo pupa láti Omifunfun dé Ọ̀rẹ̀ rí lè máa jiyàn, ṣùgbọ́n kó lọ rù ú wò ná. Bí ènìyàn méjì bá jọ ń rìn, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ọ̀kan á bá èkejì sọ̀, wọn á sinmi, wọn á tún gbé e ru ara wọn. Ẹni tó ń dá rìn ni ìyà ń jẹ. Ọrùn á máa dùn ún, òógùn á máa wọ ojú rẹ̀, á dúró gbagidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, á máa bẹ ẹni tí ń kọjá pé kó jọ̀ọ́ bá òun sọ̀. Ẹni tí ń kọjá náà sì lè ní ẹrù tirẹ̀ lórí.

Ìdí nìyí tí pẹpẹ kan fi wà ní oríta Ọ̀rẹ̀, níbi tí ọ̀nà Oǹdó ti pàdé ọ̀nà Òkìtìpupa. Ó ti wà níbẹ̀ kí títì márosẹ̀ tó so Èkó mọ́ Bìní tó dé. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi mọ ọ́, ó sì ní ìpele mẹ́ta. Ìpele òkè ga tó ọrùn àgbàlagbà. Obìnrin tó ru ẹrù á sún mọ́ ọn, á tẹ orí díẹ̀, garawa á rọra kúrò lórí rẹ̀ bọ́ sórí pẹpẹ, ẹ̀kán epo kan kò ní ta sílẹ̀. Bó bá fẹ́ máa lọ, á gbé òṣùká lé orí, á kúnlẹ̀ díẹ̀, á ti orí bọ abẹ́ ẹrù, á nà ró, ó di ọ̀nà. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ìpele àárín wà fún àwọn tí Ọlọ́run kò fún ní gíga. Ìpele ìsàlẹ̀ wà fún ọmọdé tó ru igbá gààrí tàbí ìdì igi kékeré. Gbogbo etí rẹ̀ ni wọ́n ha roboto kó má baà fa aṣọ ya, wọ́n sì la ipa tóóró kan sórí rẹ̀ tí epo tó bá ta sílẹ̀ á gbà ṣàn lọ. Igi fúrúùtù kan ṣíji bò ó.

Ọkùnrin tó mọ ọ́ ni Ọláníran, bíríkìlà kan tó ń bá àwọn onílé-ìlagi ṣiṣẹ́. Kì í ṣe pé ẹnì kan rán an. Lọ́jọ́ kan, ní nǹkan bí ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira, Monílọ́lá ìyàwó rẹ̀ ru epo wá sọ́jà, òjò ká a mọ́ oríta, kò sì sí ẹ̀dá Ọlọ́run kan lójú títì tí yóò bá a sọ̀. Ó dúró títí ọrùn fi kọ̀. Garawa já lulẹ̀, epo tí ó fi odindi ọ̀sẹ̀ fún sì ń bá àgbàrá lọ. Ọláníran kò ní kó pẹ̀lẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Lọ́sẹ̀ kejì, àwọn ará oríta rí i tó ń po sìmẹ́ńtì lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n ní ṣé ojúbọ ló ń mọ ni, àbí ilé adìẹ. Ó ń po sìmẹ́ńtì rẹ̀ lọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí rẹ̀, ó ní kí ìyàwó òun wá dúró, ó fi okùn wọn ọrùn rẹ̀, ó sì rẹ́ díẹ̀ kúrò lára ìpele òkè. Lẹ́yìn náà ó pe ọmọ wọn kan ṣoṣo, Pius, tí kò tíì ju ọmọ tí ń lọ mú omi fún ìyá rẹ̀ lọ, ó wọn òun náà, ìyẹn ló fi mọ ìpele ìsàlẹ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fi ń tò lẹ́yìn ara wọn níbẹ̀. Àwọn ará Ajue ń sọ̀ síbẹ̀, àwọn ará Araromi-Obu ń sọ̀ síbẹ̀. Nígbà ogun abẹ́lé, lásìkò tí gbogbo ayé ń wí pé ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀, àwọn ṣọ́jà gbé àpótí wọn lé e, wọ́n sinmi, wọ́n kọjá lọ. Ìjọba náà kúkú ṣe tirẹ̀ sí oríta yẹn. Wọ́n ri òpó iná kan tí kò tàn ju oṣù tí wọ́n rì í lọ. Wọ́n gbé àpótí lẹ́tà pupa kan síbẹ̀ tí aláǹtakùn nìkan ń gba lẹ́tà nínú rẹ̀. Òkúta máìlì kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú tí nọ́ńbà orí rẹ̀ ti pa rẹ́, àwọn awakọ̀ ló kù tó ń jókòó lé e jẹ àgbàdo. Nínú gbogbo wọn, pẹpẹ tí ìjọba kò fi kọ́bọ̀ sí nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ní mo ń bínú, mo ń bínú.

Ọláníran kú, ó sì fi Monílọ́lá àti pẹpẹ sílẹ̀. Ìyá náà kò kúrò ní Omifunfun. Ó ń fún epo, ó sì ń rù ú wá sí Ọ̀rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Bí ó bá ti dé ibi pẹpẹ, á kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan etí rẹ̀ kó tó sọ̀. Àwọn ènìyàn á ní ó ń kí ọkọ rẹ̀ ni. Kò jiyàn.

Pius kàwé díẹ̀, ó gba iṣẹ́ wolé-wolé ní káńsù, ó sì fẹ́ Oyin, ọmọ Ajue. Iṣẹ́ náà dára nígbà tí ayé dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ológun padà gba ìjọba, tí epo mọ́tò di góòlù, tí ọṣẹ àti ìrẹsì di ohun tí à ń tò fún láti ìdájí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọ̀gá kan á dé ọ́fíìsì, á bá ẹlòmíràn lórí àga rẹ̀. Oyin sì ti lóyún. Pius kò jẹ́ kí ẹnu òun gbọ́ ohun tí ọkàn òun ń rò mọ́.

Ìgbà yẹn ni wọ́n rán kápítéènì kan wá sí Ọ̀rẹ̀ pẹ̀lú ikọ̀ tí wọ́n ń pè ní tásíkì fóòsì. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí aṣọ rẹ̀ kì í rún ni. Ó ní ọ̀gá àwọn máa gba Ọ̀rẹ̀ kọjá sí Òkìtìpupa, àti pé òun kò ní í jẹ́ kí ojú rẹ̀ rí ìdọ̀tí. Gbogbo ohun tó bá wà láàárín títì àti gọ́tà, ìbáà ṣe ìsọ̀, ìbáà ṣe àtíbàbà, wíwó ni. Ibi tí wọ́n bá wó, wọn á gbin òdòdó sí i, wọn á to òkúta funfun yí i ká, wọn á na ẹ̀wọ̀n irin sí i kí ẹnikẹ́ni má baà wọ ibẹ̀. Pius kò mọ irú ọgbà ìgbafẹ́ tí ènìyàn kò gbọdọ̀ wọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò bi ṣọ́jà léèrè? Wọ́n gbé ọ̀dà pupa àti búrọ́ọ̀ṣì lé e lọ́wọ́. Òun ni yóò fa àmì sí ara gbogbo ohun tí wọ́n máa wó.

Pẹpẹ wà láàárín títì àti gọ́tà. Kò sí bí a ṣe fẹ́ wọ̀n ọ́n tí yóò bọ́ síbòmíràn.

Pius sùn, kò rí oorun sùn. Láàárọ̀, ó lọ bá kápítéènì nídìí tábìlì rẹ̀, ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Kò tíì sọ ju "Ọ̀gá, pẹpẹ kan wà ní oríta" lọ tí ọkùnrin náà fi gbójú sókè wò ó. Ó bi í bóyá ìbátan rẹ̀ kan ló ni nǹkan níbẹ̀, nítorí òun ti rí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi àmì sí ti ẹlòmíràn, tí wọ́n ń fo ti ará ilé wọn, òun sì mọ ohun tí òun fi wọ́n ṣe. Ojú Pius ṣú. Ó rántí Oyin, ó rántí àwọn àga tí ẹlòmíràn ti jókòó sí. Ó ní rárá, òun kò ní ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe sẹ́ ìyá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀ tó ti kú, lójú ọ̀sán gangan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni na ẹgba sí i.

Ó fa àmì sára àwọn ìsọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi pẹpẹ ṣe ìkẹyìn, nígbà tí oòrùn ti ń wọ̀ tí oríta ti ń dá. Ó dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú agolo ọ̀dà. Iwájú ìpele òkè tẹ́ pẹrẹsẹ, ibẹ̀ ni ẹnikẹ́ni á ti kùn ún kí gbogbo ayé lè rí i. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbé e dé ibẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa àmì náà kékeré sára ìpele ìsàlẹ̀, èyí tó jẹ́ ti ọmọdé. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé nítorí kó má hàn púpọ̀ ni. Ọ̀dà náà kò tilẹ̀ dára, wọ́n bu kẹrosíìnì là á kó lè pọ̀, kò sì tètè gbẹ. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ koríko, ó wọlé, kò jẹun.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Omifunfun láti sọ fún ìyá rẹ̀ kí ó tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Monílọ́lá sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún un, ó bu epo sí i, ó béèrè oyún Oyin, ó béèrè bóyá wọ́n ń rí iyọ̀ rà ní Ọ̀rẹ̀. Pius jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ya ẹnu, ẹ̀ẹ̀mejì ló fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ dí i.

Ìyá rẹ̀ wò ó títí. "Ọma mi, uṣẹ́ rẹ ń wúwo?"

Ó ní kò wúwo, ó kàn pọ̀ ni.

"Bí ó bá wúwo, wí," ni ìyá rẹ̀ sọ, ó sì gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ mìíràn fún un. Pius gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà. Ọ̀nà náà gùn fún un ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ọjọ́ wíwó pé. Káńsù ní katapíllà kan, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí koríko ti hù sára rẹ̀ nítorí àìrí páàtì ìpààrọ̀ rà fún un. Nítorí náà, kápítéènì ní kí wọ́n kó àwọn alábàárù wá láti gáréèjì, àwọn ọkùnrin tó ń fi orí ru ẹrù àwọn èrò mọ́tò. Sàlíhù ni olórí wọn, ọkùnrin gíga kan tí àárín orí rẹ̀ ti pá nítorí ẹrù. Wọ́n gbé òòlù ńlá, díígà àti ṣọ́bìrì fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín nípa alábàárù. Alábàárù tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í gbé nǹkan sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹrù tó bá ti balẹ̀, ẹ̀yìn ló máa san án nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé e. Àṣà yìí ti wọ̀ wọ́n lára débi pé abọ́ oúnjẹ pàápàá, wọn kì í gbé e sílẹ̀ bí wọ́n bá rí ibi gíga. Nígbà tí wọ́n dé oríta láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó sọ ibi tí wọn á gbé nǹkan sí fún wọn. Wọ́n bọ́ ẹ̀wù, wọ́n fi kọ́ etí pẹpẹ. Wọ́n gbé abọ́ ẹ̀bà wọn sórí ìpele àárín. Bùtà omi àlùwàlá Sàlíhù bọ́ sí ìpele ìsàlẹ̀, ó sì bo ìdajì àmì pupa náà. Kápítéènì wá láti inú jíìpù rẹ̀, ó wá ibi tí eruku kò ní dé, ó gbé fúláàsì tíì rẹ̀ àti fìlà rẹ̀ sórí ìpele òkè lábẹ́ òjìji fúrúùtù. Ó fara tì í, ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Pius dúró lókèèrè. Ó rò pé pẹpẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ wó. Ṣùgbọ́n àwọn alábàárù bẹ̀rẹ̀ láti òdìkejì. Wọ́n wó àtíbàbà àwọn oníbúrẹ́dì, wọ́n wó ìsọ̀ Jàmíátù tó ń ta táyà àlòkù, òun náà sì dúró ń ṣépè fún ọmọ Ọlọ́run tó wó o. Òwúrọ̀ lọ. Bí òùngbẹ bá gbẹ ẹnì kan, á wá síbi pẹpẹ. Bí òòlù bá yọ nínú ọpá, orí pẹpẹ ni wọ́n ti ń tún un ṣe. Kápítéènì ń mu tíì rẹ̀ níbẹ̀, ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ tì í, ó ń fi ọwọ́ júwe ohun tó kàn. Ohun gbogbo tó wà ní oríta ni ó ń rí, àfi ohun tó fara tì.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, oríta ti mọ́ tónítóní. Kápítéènì yí ojú ká, inú rẹ̀ dùn. Ó pe Pius. Ó bi í bóyá ohun tó fàmì sí kù.

Pius wo apá ibi bùtà. Ó mọ̀ pé bí òun bá ní kò kù, ọkùnrin yìí á wọ jíìpù rẹ̀, á lọ. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé bí wọ́n bá wá rí àmì náà lọ́la, iṣẹ́ òun ti tán, pẹpẹ náà á sì tún wó. Ó ń ro èyí lọ́wọ́ nígbà tí ó gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn kápítéènì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ bá mi sún fúláàsì yín díẹ̀, kí n rí ibi sọ̀."

Monílọ́lá ni. Garawa epo wà lórí rẹ̀, ó ti ń rìn láti ọ̀sán, eruku ti kun ẹsẹ̀ rẹ̀. Kápítéènì yára gbé fúláàsì àti fìlà rẹ̀ kúrò. Ó na ọwọ́ méjèèjì láti ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìyá náà ti kọjá rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan etí pẹpẹ, ó tẹ orí, garawa rọra sún bọ́ sórí ìpele òkè, ó sì yọ òṣùká kúrò lórí bí ẹni tó dé ilé rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀gá ṣọ́jà ṣì wà lókè, kò rí nǹkan gbé.

"Màmá, ta ló mọ èyí?" ni ó béèrè.

"Ọkọ mi ni. Ó wọn ọrùn mi kó tó parí rẹ̀."

Kápítéènì wo ọrùn ìyá náà, ó wo ìpele òkè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo pẹpẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni pé ìsinsìnyí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá. Ó sún bùtà Sàlíhù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àmì pupa yọjú.

"Ìwọ lo kun èyí?"

"Èmi ni, sà," ni Pius wí. Ó ti sú u láti máa sá. "Bàbá mi ló mọ pẹpẹ náà. Ìyá mi nìyí. Mo purọ́ fún yín lọ́jọ́ tí ẹ bi mí. Pẹpẹ yìí ló kù."

Pius dúró de ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i. Ó yà á lẹ́nu pé ara òun fúyẹ́, ó dà bíi pé wọ́n gbé nǹkan kúrò lórí òun.

Kápítéènì yíjú sí àwọn alábàárù. Ó ní kí wọ́n kó ẹrù wọn kúrò lórí rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó mira. Kì í ṣe pé wọ́n kọ̀, ta ni yóò kọ̀ fún ṣọ́jà? Wọ́n kàn ń wo ara wọn, olúkúlùkù ń retí kí ẹnìkejì kọ́kọ́ mú ẹ̀wù tirẹ̀. Ẹ̀bà wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀, garawa epo arúgbó wà níbẹ̀. Sàlíhù nìkan ló fèsì. Ó tẹrí ba díẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, níbo ni ká gbé e sí?"

Kápítéènì wo ilẹ̀. Eruku ni, àti èérún búlọ́ọ̀kù tí wọ́n wó láti àárọ̀. Kò sí nǹkan kan mọ́ ní gbogbo oríta tí ènìyàn lè gbé nǹkan lé. Ó wo fúláàsì tó wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀, tí òun náà ṣì ń wá ibi tí yóò gbé e sí. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò pariwo.

"Ẹ kùn ún ní funfun," ni ó wí. "Ẹ gbin òdòdó yí i ká. Kí wọ́n má na ẹ̀wọ̀n dé ibẹ̀." Ó wá yíjú sí Pius. "Ìwọ, bí o bá tún purọ́ fún mi, ojú rẹ á rí tó." Ó wọ jíìpù rẹ̀, ó lọ.

Bí ọkọ̀ náà ṣe pẹ́ kọ́nà ni àwọn alábàárù bú sẹ́rìn-ín. Sàlíhù gbé abọ́ ẹ̀bà rẹ̀, ó jókòó sábẹ́ fúrúùtù, ó ní ebi ti ń pa òun láti ìgbà tí òun ti gbọ́ pé kí wọ́n kó o kúrò. Jàmíátù tí wọ́n wó ìsọ̀ rẹ̀ pàápàá rẹ́rìn-ín, ó ní ó kéré tán òun á rí ibi gbé táyà òun lé lọ́la. Pius fara ti igi, ó kàn ń mí.

Nígbà tí àwọn ènìyàn túká, ó lọ bá ìyá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ nínú eruku. Ó ní òun ló yẹ kó wí fún un lọ́jọ́ Àìkú, òun kò láyà ni.

Monílọ́lá fa etí ìró rẹ̀ sókè díẹ̀. Àbààwọ́n ọ̀dà pupa wà níbẹ̀, ó ti gbẹ, ó ti le.

"Ọjọ́ kejì tí o kùn ún ni mo sọ̀ síbẹ̀," ni ó wí. "Kò tíì gbẹ."

Ojú ti Pius. Ìgbà tí ó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìyá rẹ̀ ti mọ̀. Ó béèrè bí ó ṣe mọ̀ pé òun ni, nígbà tó jẹ́ pé òun nìkan kọ́ ni wolé-wolé tó wà ní káńsù.

"Ẹlòmíràn á kùn ún sókè," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ta ni yóò bẹ̀rẹ̀ kùn ún síbẹ̀ yẹn? Ibẹ̀ ni bàbá rẹ ti wọ̀n ọ́, ọma mi. Ibẹ̀ ni wo ti ń sọ igbá omi rẹ kalẹ̀."

Pius fi àtẹ́lẹwọ́ bo àmì náà, ó sì sunkún díẹ̀, kì í ṣe ẹkún ìbànújẹ́. Ìyá rẹ̀ jẹ́ kó sun ún tán. Lẹ́yìn náà ó ní ilẹ̀ ń ṣú lọ, àwọn tó máa ra epo òun ti ń dúró lọ́jà. Ó ká òṣùká, ó gbé e lé orí. Ó dúró síwájú pẹpẹ tí wọ́n mọ nítorí kó má baà bẹ ẹnikẹ́ni mọ́ láyé. Láti ọjọ́ tí Ọláníran ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀, kò sí ẹni tó rí i rí kó ní kí wọ́n ran òun lọ́wọ́.

"Pius," ni ó wí, "wá gbé e rù mí."

Pius dìde, ó nu ojú rẹ̀, ó sì gbé garawa náà ru ìyá rẹ̀.